Ọ̀fẹ́ Kì í Ṣe Òmìnira: Sọ́fítíwíà Tí Ó Yẹ Kí Òǹkọ̀wé Yorùbá Fi Máa Kéde Iṣẹ́ Rẹ̀

Láàárín ọdún 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń gbé ìtàn kan jáde ní abala-abala, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé Ṣẹ̀gilọlá ni. Olóòtú ìwé ìròyìn náà, I. B. Thomas, ni ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó sì ṣe é débi pé àwọn òǹkàwé kan gbà pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni. Nígbà tí ìtàn náà fi di odindi ìwé ní ọdún 1930, ọ̀pọ̀ ará Èkó ti kà á. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti yẹ iṣẹ́ yìí wò dáadáa nítorí ipò rẹ̀ nínú ìdàgbàsókè ìtàn àròsọ Yorùbá, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí a kì í sábà kà sí, èyí ni ọ̀nà tí ìtàn náà gbà dé ọwọ́ òǹkàwé. Òǹkàwé mọ ibi tí yóò ti rí abala tí ó kàn, ó mọ ìgbà tí yóò jáde, kò sì sí ẹnì kẹta láàárín òun àti olóòtú tí ó lè dédé pinnu pé kò ní rí ti ọ̀sẹ̀ yìí. Bákan náà ni D. A. Ọbasá ní Ìbàdàn ṣe ń fi ewì rẹ̀ síta nínú The Yoruba News, ìwé ìròyìn tirẹ̀, kí àwọn ewì náà tó di ìwé.

Ó yẹ kí a fi èyí wé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ tuntun lónìí. Bí àpẹẹrẹ, ẹ mú olùkọ́ èdè Yorùbá kan ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì kan ní agbègbè Agric, ní Ìkòròdú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ ewì, wọ́n kọ àròkọ, wọ́n sì gba ìtàn ìlú sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́. Níbo ni iṣẹ́ wọ̀nyí ń lọ? Èyí tí ó bá dára jù nínú wọn ni a máa lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde; àwọn tí ó kù, WhatsApp tàbí Facebook ni. Lórí pátákó, oòrùn àti òjò ni yóò pa á. Lórí WhatsApp, àwọn tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ní ọjọ́ náà nìkan ni ó kàn; ọmọ tí yóò wọ JSS 1 ní ọdún tí ń bọ̀ kò ní mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà rí. Lórí Facebook, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà ni ó ń yan ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò rí, ohun tí ó sì sábà máa ń tì síwájú ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá yára fèsì sí. Oríkì orílẹ̀ tí ó gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti ọdún 2018 ni òfin ti wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, yálà ti ìjọba tàbí ti aládàáni. Òfin lè mú kí ọmọ jókòó sí kíláàsì Yorùbá. Kò lè pèsè ohun tuntun tí ọmọ náà yóò máa kà lẹ́yìn àwọn ìwé tí a yàn fún ìdánwò. Àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni wọ́n lè pèsè ìyẹn, bí ohun tí wọ́n ń kọ bá ní ibi tí ó ń gbé àti ọ̀nà tí ó ń gbà jáde.

Irinṣẹ́ tí ó lè ṣe ohun tí Akéde Èkó ṣe wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Fíìdì ni wọ́n ń pè é. Bí a bá túmọ̀ orúkọ yìí ní tààrà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni yóò jáde, ìyẹn kò sì ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó sàn kí a ṣàpèjúwe iṣẹ́ rẹ̀. Fíìdì jẹ́ fáìlì kékeré kan tí ó wà ní àdírẹ́sì kan tí kì í yí padà. Inú rẹ̀ ni a ti ń rí àkọlé iṣẹ́ tuntun, ọjọ́ tí ó jáde, ibi tí a ti lè kà á, àti odindi iṣẹ́ náà bí olóòtú bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Sọ́fítíwíà tí ó wà lórí fóònù òǹkàwé ni yóò máa lọ wo fáìlì náà láti ìgbà dé ìgbà. Bí nǹkan tuntun bá wà, yóò gbé e wá. Bí kò bá sí, yóò padà lọ́wọ́ òfo, kò sì ní jẹ dátà púpọ̀. A lè fi wé akéde tí kì í kiri: ó jókòó sí ojú kan, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ni yóò rán ọmọ rẹ̀ wá béèrè. Akéde náà kò béèrè orúkọ ẹni tí ó rán ọmọ wá, kò gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kò sì ní yan èyí tí yóò sọ fún un àti èyí tí yóò gbé pamọ́.

Ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà ni ó gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ń jẹ́ RSS jáde ní ọdún 1999. Èyí tí ó gbilẹ̀ jù, RSS 2.0, jáde ní ọdún 2002 láti ọwọ́ Dave Winer; àbúrò rẹ̀ tí ń jẹ́ Atom sì di ìlànà ní ọdún 2005. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò tó ohun tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ pàdánù oorun. Ìkòròdú kì í kúkú ṣe àlejò nínú iṣẹ́ fífi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn: fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Voice of Nigeria fi ní ibùdó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ níbẹ̀, tí ohùn orílẹ̀-èdè yìí ń ti ibẹ̀ lọ sí òkè òkun. Iṣẹ́ yẹn gba òpó gíga, iná mànàmáná tí ó pọ̀ àti owó ìjọba. Ní ti fíìdì, fáìlì kan ni.

Nígbà tí olùkọ́ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí wá sọ́fítíwíà tí yóò fi ṣe é, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni yóò kọ́kọ́ pàdé: free. Ọ̀rọ̀ yìí ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nítorí pé ìtumọ̀ méjì ni ó ní. Richard Stallman, tí ó kéde iṣẹ́ GNU ní ọdún 1983, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti ṣàlàyé fún àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ni òun ń sọ. Yorùbá kò nílò àlàyé yẹn. Ọ̀fẹ́ yàtọ̀, òmìnira yàtọ̀. Ohun tí a fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí ó fún un lè gbà á padà nígbàkigbà. Sọ́fítíwíà olómìnira ni èyí tí ẹni tí ó ń lò ó ní ẹ̀tọ́ láti lò bí ó bá ti wù ú, láti wo inú kóòdù rẹ̀, láti tún un ṣe, àti láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Blogger, tí ó ti wà lọ́wọ́ Google láti ọdún 2003, ọ̀fẹ́ ni. Ó ń ṣe fíìdì fúnra rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó burú bí ènìyàn bá fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ onílẹ̀ ni. GeoCities náà jẹ́ ọ̀fẹ́ kí Yahoo tó tì í pa ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009. Google+ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì lọ ní ọdún 2019. Yahoo Groups jẹ́ ọ̀fẹ́, òun náà di ohun ìtàn ní ọdún 2020. Ará Ìkòròdú kankan kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó kọ́lé láìní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́.

Nínú àwọn sọ́fítíwíà olómìnira, WordPress ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù. Matt Mullenweg àti Mike Little ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2003. Ẹni tí ó bá ń lo WordPress ti ní fíìdì, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀: bí ó bá fi ọ̀rọ̀ náà, feed, kún ìparí àdírẹ́sì ìkànnì rẹ̀, yóò bá a níbẹ̀. Orí WordPress náà ni Global Voices wà, èyí tí ó ní ẹ̀ka èdè Yorùbá níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń túmọ̀ ìròyìn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Olùkọ́ tí ó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí àpẹẹrẹ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ètò inú WordPress lè ṣe iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ní jàǹbá bí a kò bá bojú tó o. Ibì kan wà níbẹ̀ tí a ti ń yan bóyá odindi iṣẹ́ ni kí fíìdì gbé tàbí àkékúrú. Bí a bá yan àkékúrú, tí òǹkọ̀wé kò sì kọ àkékúrú tirẹ̀, WordPress yóò gé iṣẹ́ náà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ 55, yóò sì bọ́ gbogbo ìṣètò rẹ̀ dànù. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrú. Ọ̀rọ̀ 55 kò tíì jìnnà rárá. Fún ìròyìn, a lè fojú fo èyí. Fún ewì, ìparun ni. Àwọn ìlà yóò so pọ̀ mọ́ ara wọn bí àròkọ, ìsinmi tí akéwì fi sí òpin ìlà yóò pòórá, ibi tí gbólóhùn yóò sì ti já, ẹ̀rọ ni yóò yàn án. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìlà ewì àti àwítúnwí inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohun tí ó ń kọ́ wọn fọ́ sọ́wọ́ ètò tí ẹnì kan yàn sílẹ̀ fún àwọn oníròyìn. Odindi iṣẹ́ ni kí ó yàn.

Ohun kejì ni àmì èdè. Gbogbo fíìdì ni ó ní àyè láti sọ èdè tí a fi kọ ọ́. Yo ni àmì tí ìlànà ISO 639 fún èdè Yorùbá. Bí a bá fi WordPress sílẹ̀ lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti wà nígbà tí a gbé e kalẹ̀, fíìdì yóò máa sọ fún gbogbo ayé pé en-US ni, èyí ni Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rárà tàbí ìjálá ni ó kún inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń ka ìwé sókè fún afọ́jú yóò wá fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì ka ìjálá. Ẹ̀rọ tí ń ka iye iṣẹ́ tí ó wà ní èdè kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò kà á mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó ń ráhùn pé èdè Yorùbá kò pọ̀ tó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí fíìdì rẹ̀ ń sọ.

WordPress nílò kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, ó nílò àtúnṣe lóòrèkóòrè, àwọn oníjìbìtì sì máa ń wá èyí tí a kò tún ṣe kiri. Fún ilé-ẹ̀kọ́ tí iná rẹ̀ kò dúró sójú kan, irú sọ́fítíwíà mìíràn wà tí ó bá ipò rẹ̀ mu jù. Hugo, tí ó jáde ní ọdún 2013, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Orí kọ̀ǹpútà olùkọ́ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. A ó kọ iṣẹ́ sínú fáìlì lásán, Hugo yóò sọ gbogbo rẹ̀ di ojú ìwé ìkànnì àti fíìdì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tí dátà bá wà ni a ó tó gbé wọn sókè. Ibi tí a gbé wọn sí, bíi GitHub Pages, lè jẹ́ ọ̀fẹ́ lásán, kò sì fi bẹ́ẹ̀ léwu, nítorí pé gbogbo iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ olùkọ́. Bí ibẹ̀ bá tì, a ó gbé e lọ sí ibòmíràn. Ìnira kan ni pé àṣẹ ni a ń tẹ̀ fún Hugo, kì í ṣe bọ́tìnnì. Ìyẹn lè dẹ́rù ba olùkọ́. Kì í sábà dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ SS 2 tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ kò tilẹ̀ nílò sọ́fítíwíà tuntun kankan. A lè fi ọwọ́ kọ fíìdì nínú Notepad. Ohun mẹ́ta péré ni RSS 2.0 sọ di dandan fún fíìdì fúnra rẹ̀: àkọlé, àdírẹ́sì ìkànnì, àti àlàyé ní ṣókí. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán àkọlé tàbí àlàyé. Bí a bá fẹ́ fi ọjọ́ sí i, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ orúkọ oṣù ni a ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, a ó fún ẹ̀rọ àyẹ̀wò fíìdì tí W3C gbé kalẹ̀ ní àdírẹ́sì rẹ̀, yóò sì sọ ìlà tí àṣìṣe wà. Iṣẹ́ yìí dára fún kíláàsì, nítorí pé ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ kọ fíìdì kan rí kò tún ní rò pé iṣẹ́ awo ni íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá ti le jù ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Nínú ìlànà Unicode, ẹ ní àyè tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní àyè kan ṣoṣo. Àpapọ̀ méjì ni. Ẹnì kan lè kọ ẹ kí ó tó fi àmì òkè lé e, ẹlòmíràn lè kọ é kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, ìdí sì nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè máa wá ọ̀rọ̀ kan tí ó ń wò kòró nínú ojú ìwé, kí kọ̀ǹpútà sì sọ pé kò sí i. Ìlànà tí ó ń mú kí gbogbo rẹ̀ wà ní ìrísí kan ń jẹ́ NFC. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jọ ní láti sọ gbogbo wọn di NFC kí wọ́n tó wọ fíìdì. Bí a ṣe ń fi fáìlì pamọ́ tún ṣe pàtàkì. Kí Microsoft tó yí i padà sí UTF-8 nínú Windows 10 ní ọdún 2019, Notepad kì í fi fáìlì tuntun pamọ́ sí UTF-8 àfi bí a bá yàn án. Àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì wà káàkiri, wọ́n sì ń sọ ẹ, ọ àti ṣ di àmì ìbéèrè. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀, èwo ni òǹkàwé yóò mú nígbà tí gbogbo wọn bá di ?k?? Àwọn tí wọ́n fi fọ́ǹtì àdáṣe tẹ Yorùbá kí Unicode tó gbilẹ̀ mọ ìrora yìí: orí kọ̀ǹpútà tiwọn nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn ti ṣe é kà.

Àwọn kan yóò sọ pé fíìdì ti di ohun àtijọ́, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán láti ìgbà tí Google ti pa Google Reader ní ọdún 2013. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń lò ó. RSS ni ó ń gbé pọ́díkáàsì kiri. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ pọ́díkáàsì lórí fóònù ń gba fíìdì láìmọ̀. Ìhà yìí gan-an ni ó sì bá Yorùbá mu jù, nítorí pé ohùn ni lítíréṣọ̀ Yorùbá kí ó tó di ìwé. Àlọ́ tí ìyá àgbà kan pa ní Ẹ̀pẹ́, ẹkún ìyàwó, ìjálá, ìtàn apẹja lórí ọ̀sà, gbogbo wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi fóònù gbà sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ohùn. Audacity wà láti fi tún un ṣe, AntennaPod wà láti fi gbọ́ ọ lórí fóònù Android. Olómìnira ni àwọn méjèèjì. Nínú fíìdì, ohun mẹ́ta ni a ó fi kún un: àdírẹ́sì fáìlì ohùn náà, bí ó ti tóbi tó, àti irú fáìlì tí ó jẹ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí a pa WhatsApp tì. Kí a máa fi àdírẹ́sì iṣẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀. Kí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ máa gbé ní ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ta ni yóò di ilé náà mú ló kù. A máa ń gbé olùkọ́ ìjọba láti ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ sí òmíràn. Ẹni tí ó wà ní Agric lónìí lè bá ara rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní ọdún tí ń bọ̀, bí ó bá sì jẹ́ pé íméèlì tirẹ̀ ni ó fi ṣí ìkànnì, ọjọ́ tí ó bá kó ẹrù rẹ̀ ni fíìdì yóò dákẹ́. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí àdírẹ́sì jẹ́, sch.ng wà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Owó ọdọọdún lè wà lórí rẹ̀, òun náà ni owó tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kọ́kọ́ dá, nítorí pé bí a bá yí sọ́fítíwíà padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àdírẹ́sì yẹn ni àwọn òǹkàwé mọ̀. Kí ẹ̀dà gbogbo fáìlì wà lórí fláṣì méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan ní yàrá ìkàwé. Kí a kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú ìwé, kí a lẹ̀ ẹ́ pa sínú àpòòwé, kí a sì tì í mọ́ ibi tí a ń ti rẹ́jísítà mọ́.